Aṣọ Omi Tí Mo Yàn fún Ọkọ Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ó di ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi. Mi ò bá má sọ ọ́ títí láé, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ kó àwọn ọmọ ọlọ́mọ sínú ewu.

Aránṣọ ni mí, ní àdúgbò Dowa, níbí ní Àjàṣẹ́. Òmùwẹ̀ ni Bàbá Rámótù, ọkọ mi. Ní Kútọnu ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé agolo afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn wọ inú òkun. Nígbà tí iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ tán, Kọ́jó ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é sí odò Wẹmẹ. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó bá já sómi, àwọ̀n tó bá há sára kùkùté, àwọn méjèèjì ló ń bá àwọn apẹja wá a.

Inú mi ò dùn sí i. Omi odò yẹn dúdú. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kì í rí ọwọ́ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá lọ, mi ò lè rán ohun kan kó gún. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi sílẹ̀. Ó kàn rẹ́rìn-ín ni.

Lọ́jọ́ kan ó gbé àpò ńlá kan wálé. Aṣọ rọ́bà àlòkù mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn òmùwẹ̀ ń wọ̀ kí òtútù má baà mú wọn. Ó kó wọn síwájú ẹ̀rọ mi.

"Ìwọ lo mọ aṣọ," ló wí. "Bá mi yan èyí tó máa bá mi mu. Kọ́jó ní lásìkò ọyẹ́, ojú omi lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ìsàlẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó ní kó nípọn, kó sì lẹ̀ mọ́ra, kí omi má lè máa sàn gba inú rẹ̀."

Mo wọ̀n wọ́n sí i lára. Ọ̀kan fẹ́lẹ́, kò sì ní apá. Èkejì nípọn, ó bá a mu bí ẹni pé ara rẹ̀ ni wọ́n rán an lé; orúnkún rẹ̀ nìkan ló ya díẹ̀. Ẹ̀kẹta nípọn náà, ṣùgbọ́n ó tóbi jù ú lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Mo sọ fún un pé èkejì ti jẹrà, pé kò sí àtúnṣe kankan fún un mọ́. Irọ́ ni. Ọjọ́ kan péré ti tó mi láti lẹ orúnkún yẹn. Èyí tó tóbi ni mo gbé fún un. Nígbà tó ní apá rẹ̀ ń fì, mo ní, "Rọ́bà ni. Tómi bá kàn án, á súnkì mọ́ ọ lára."

Ó gbà mí gbọ́. Ní Kútọnu, ọ̀gá wọn ló ń yan aṣọ fún wọn. Ó tiẹ̀ dúpẹ́.

Mi ò fẹ́ kí ibi ṣe é o. Mo rò pé òtútù á kàn mú un, á gbọ̀n délé, á ní òun ò ṣe mọ́. Mo tiẹ̀ ti ra ẹja tí mo máa fi se ọbẹ̀ gbígbóná dè é.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ náà ni wọ́n gbé e wálé. Omi tútù ń gba ọrùn aṣọ náà wọlé títí ọwọ́ rẹ̀ fi kú. Apá aṣọ tó ń fì yẹn kọ́ kùkùté, kò sì lè fi ìka tó ti kú tú u. Nígbà tó já, ẹ̀rù ti bà á, ó sáré gòkè lójijì, etí òsì rẹ̀ sì bẹ́. Dókítà ní kò ní fi í gbọ́ràn mọ́, ó ní kó má wọ odò mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ ṣẹ, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Kò fura. Ara rẹ̀ ló ń dá lẹ́bi. "Òjé tó ń fani lọ sísàlẹ̀ omi ni mo dì mọ́dìí jù," ló máa ń wí. "Iye tí mò ń dì lọ sókun ni mo dì. Omi odò kì í gbé ni sókè bí omi iyọ̀." Bóyá òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀. Èmi kàn ń mi orí ni.

Tá a bá jókòó, apá òsì mi ló máa ń wà, kí etí ọ̀tún rẹ̀ lè kọjú sí mi. Ó ní òun ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi kankan bọ́ nù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo mọ̀ọ́mọ̀ lọ jókòó síhà etí tó kú, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Kí lo wí, Ìyá Rámótù?" Mo ní oúnjẹ ti jinná.

Ní báyìí, Kọ́jó ti gba ọkùnrin mẹ́rin síṣẹ́. Ó bẹ ọkọ mi kó máa kọ́ wọn bí a ṣe ń yan ohun èlò odò. Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ó ń kọrin nínú ilé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó kó wọn wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú aṣọ rọ́bà wọn. Méjì nínú aṣọ náà tóbi. Mo ní màá rán an wọlé kó lè fún.

"Fi í sílẹ̀," ni ọkọ mi wí. "Ṣebí ìwọ lo kọ́ mi pé á súnkì." Ó wá kọjú sí wọn: "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ìyàwó mi kì í ṣi aṣọ wọ̀n."

Mo tún purọ́ pé ojú rírán wọn ti ń já, ṣùgbọ́n pé ẹ̀rọ mi bàjẹ́, kí aṣọ náà lè wà lọ́dọ̀ mi. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa wá gbà á, ọyẹ́ sì ti dé.

Wọn ò ní fi irọ́ mi wọ odò. Mo ti pinnu ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n sọ fún un kí wọ́n tó dé ni, àbí lójú wọn, níbi tó ti yìn mí? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ ẹni tó fẹ́ràn yín dénú rí, ọ̀rọ̀ wo lẹ fi bẹ̀rẹ̀?