Oyin Tí Job Ń Fi Ránṣẹ́ Sí Mi

Màrdíyyàh ọmọ mi, mú bírò, kọ ohun tí mo bá sọ, má yọ ọ̀kan kúrò. Bí ikọ́ bá dá mi dúró, ìwọ náà dúró dè mí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Ogún ọdún tèmi ti pé. Ìyá Tẹjú ni kí o ka ìwé yìí fún.

Ọdún kejì tí ìjọba bọ́ sọ́wọ́ àwọn alágbádá ni. Èmi àti Job jọ ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ òwú kan ní Ìkẹjà, nídìí ẹ̀rọ tí ń tú òwú, níbi tí eruku ti máa ń bo irun wa bí ìyẹ̀fun. Ọmọ Èkìtì ni, èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, yàrá wa kọjú síra ní Agége. Oyèníkẹ́ ìyàwó rẹ̀, ìyẹn Ìyá Tẹjú, ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá ojú irin. Èmi ni mò ń wúkọ́, Job kì í wú. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ọ́ iléeṣẹ́ máa ń fún wa ní mílíìkì agolo, wọ́n ní ó ń fọ eruku kúrò láyà. Job á gbé tirẹ̀ fún mi: "Làsísì, mu tèmi mọ́ tìẹ. Ìwọ ni ikọ́ ń yọ lẹ́nu."

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ya fọ́tò inú àyà dé. Wọ́n ní ẹni tí àyà rẹ̀ kò bá dáa yóò lọ sílé. O ò tíì pé ogójì ọjọ́ láyé nígbà náà, Màrdíyyàh. Èmi ni mò ń pín káàdì nọ́ńbà fún ìlà wa, kí kálukú mú un fún ẹni tí ń ya fọ́tò. Mo fi tèmi lé Job lọ́wọ́, mo mú tirẹ̀, kí fọ́tò àyà rẹ̀ lè bọ́ sórí nọ́ńbà mi. Kò wò ó. Ta ní í yẹ ohun tí ọ̀rẹ́ fi lé e lọ́wọ́ wò? Ìkà ni mí.

Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n dá Job dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó sáré wá bá mi: "Làsísì, ìwọ náà mọ̀ pé mi ò kì í wúkọ́. Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún ọ̀gá." Mo ní mo ti sọ. Mi ò sọ nǹkan kan.

Èyí tó burú jù ló kù. Má sunkún, máa kọ. Ikọ́ mi kò lọ. Àwọn ará ilé ń bi mí pé kí ló dé tí ẹni tí fọ́tò rẹ̀ mọ́ ń wúkọ́ tó báyìí. Ẹ̀rù bà mí kí ọ̀rọ̀ má dé iléeṣẹ́. Ni mo bá la ẹnu burúkú yìí, mo ní Job ló kó o ràn mí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kárí àdúgbò. Wọn ò ra búrẹ́dì lọ́wọ́ Oyèníkẹ́ mọ́; bó ṣe gbé àtẹ jáde náà ló ń gbé e padà. Àwọn ọmọdé ń sá fún Tẹjú. Nígbà tí onílé ní kí wọ́n kó jáde, wọ́n padà sí Èkìtì. Èmi ni mo bá wọn gbé àpótí dé garéèjì.

Fọ́tò mímọ́ yẹn ló dè mí mọ́ ìdí ẹ̀rọ òwú títí àyà mi fi bàjẹ́ pátá. Dókítà ní eruku ni, pé irú ikọ́ yìí kì í ràn. Mo gbọ́, mo dákẹ́.

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti dé, ìgò oyin kan á ti Èkìtì wá pẹ̀lú iṣẹ́ tí Job rán: "Kí Làsísì fi ṣe ikọ́ tí mo kó ràn án. Kó foríjì mí." Ó gba irọ́ mi gbọ́. Mo sì ń lá oyin náà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ìyá Tẹjú wọlé nínú aṣọ dúdú, ìgò lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀. "Bàbá Màrdíyyàh, Job ti lọ. Ibà ni. Ohun tó sọ kẹ́yìn ni pé kí n bẹ̀ yín, kí ẹ dárí jì í." Mo fẹ́ jẹ́wọ́, ikọ́ ò jẹ́. Ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, ó rò pé ọkọ òun ni mò ń sunkún rẹ̀.

Ìyá Tẹjú, àyà ọkọ yín mọ́. Kò kó nǹkan kan ran ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ fún Tẹjú, ẹ lọ sọ ọ́ létí sàréè rẹ̀. Mi ò lẹ́nu láti bẹ̀ yín, nítorí ẹni tí mo ṣẹ̀ kú síbi tó ti ń bẹ̀ mí. Ìgò oyin náà wà lójú fèrèsé, mi ò ṣí i. Ẹ wá gbé e.