Ipò Títílayọ̀ Ni Mo Gbà ní Láàbù

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi gbé mi dé iwájú yìí láàárọ̀ yìí, torí ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dìde tí mo tún padà jókòó. Halelúyà! Ẹ ṣé. Ẹ má tíì pariwo o, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Èmi ni Ayọ̀délé, ọmọ Ìyá Ayọ̀ tó wà lẹ́gbẹ́ akọrin. Ẹ rántí pé lọ́jọ́ Ìkórè èṣí, mo dúró níbí, mo ní Ọlọ́run mú mi wọ láàbù ìwádìí ní yunifásítì wa ní Àkúrẹ́ láìmọ ẹnì kankan. Ìyá mi jó títí gèlè fi fẹ́ bọ́ lórí wọn. Pásítọ̀ fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọ̀dọ́. Ará, irọ́ ni mo pa. Ipò ẹlòmíì ni mo jí.

Olùkọ́ wa kan wà, obìnrin ni, Dókítà la máa ń pè wọ́n, kì í ṣe ti ilé ìwòsàn o. Wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí àìsàn tó máa ń sọ èso kòkó di dúdú lórí igi. Láàbù wọn kéré, akẹ́kọ̀ọ́ kan péré ni wọ́n lè gbà lọ́dún. Títílayọ̀, Títí la máa ń pè é, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó ní kíláàsì láti ọdún kìíní, ló ń wá ipò yẹn. Bàbá rẹ̀ ń dáko kòkó ní Ìlú-Àbọ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe. Ó wá ìwé tí Dókítà kọ, ó kà á, ibi tí kò yé e, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó lọ kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ní àwọn ò ráyè. Ó padà lọ lọ́sẹ̀ kejì. Wọ́n bi í pé kí ló fẹ́ mọ̀. Ó ní òun fẹ́ mọ ìdí tí kòkó bàbá òun tó wà lẹ́bàá odò fi ń ṣàìsàn ju èyí tó wà lókè lọ. Ó ní bó bá jẹ́ ìgò ni wọ́n fẹ́ kí òun kọ́kọ́ máa fọ̀, òun á fọ̀ ọ́. Èmi ńkọ́? Mò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá Onígò ni mò ń pè é.

Lọ́jọ́ Fúráìdè kan, Dókítà rí mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Títí ti lọ bá bàbá rẹ̀ já kòkó, fóònù rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá a tún un ṣe ní Ọjà Ọba. Dókítà ní, “Ayọ̀délé, sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ kó wá bá mi ní Mọ́ńdè, aago mẹ́jọ. Òun ni mo mú.”

Mo ní, “Yes, ma.”

Mi ò sọ fún un. Ìlara ni o, mi ò ní pè é lórúkọ míì. Ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀ Mọ́ńdè, èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn. Mo ní Títí lóun ò ṣe mọ́, ó ti rí ibòmíì, ṣùgbọ́n èmi lè fọ ìgò. Wọ́n fún mi ní kóòtù funfun.

Nígbà tí Títí dé, mo ní èmi ni Dókítà mú. Ó dì mọ́ mi. Ó ní, “Congrats, Ayọ̀.” Ó tún yá mi ní ìwé tó kọ àwọn ìbéèrè rẹ̀ sí. Ẹ̀yin ará, ó yá mi! Ohun tó wà níbẹ̀ ni mo fi ń dá Dókítà lóhùn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbí, ẹ bi mí lẹ́yìn Ìkórè yẹn pé báwo ni èèyàn ṣe ń wọ láàbù. Ojú tì mí láti sọ ohun tí Títí ṣe. Mo ní kí ẹ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ilẹ̀kùn á ṣí. Ọmọ Màmá Ìdòwú gba ààwẹ̀ yẹn láìmu omi, ó jókòó sílé, ó ń retí kí olùkọ́ pè é. Kò tíì sí ẹni tó pè é di òní. Ẹ dárí jì mí. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì dìde lọ kan ilẹ̀kùn. Ẹ mọ iṣẹ́ tí olùkọ́ yẹn ń ṣe kí ẹ tó lọ. Ẹ ní ìbéèrè tiyín lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ní àwọn ò ráyè, ẹ padà lọ.

Ó tó bí oṣù mẹ́rin tí mo ti wà ní láàbù, Dókítà rán mi lọ já èso tó ń ṣàìsàn wá. Oko tí Títí ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wọn ni wọ́n rán mi sí. Bàbá rẹ̀ rí mi, inú wọn dùn. “Ọ̀rẹ́ Títí! Wọ ulé wá, uṣu wà lórí iná.” Wọ́n bu èyí tó pọ̀ jù fún mi. Mò ń jẹun lọ́wọ́ ni ohùn wọn lọ sílẹ̀. Wọ́n ní Títí rò pé torí òun jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ ni wọn ò ṣe mú òun. Ó ti kó àwọn ìwé rẹ̀ yòókù wálé pé kí wọ́n fi dáná. “Mi ò fi dáná o. Ọmọ mi, ṣé o lè bá mi bẹ olùkọ́ yín?”

Mo gbé àwo iṣu yẹn sílẹ̀. Mi ò lè wo ojú wọn.

Inú kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ padà, tí àpò èso jíjẹrà wà lórí itan mi, ni mo ti gbàdúrà. Mi ò béèrè nǹkan púpọ̀. Mo ní, “Jésù, la ẹnu mi.” Ó là á! Halelúyà! Mi ò yà sílé ní Ọ̀bà-Ilé, ọ́fíìsì Dókítà ni mo gbà lọ tààrà, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, “Bọ́ kóòtù yẹn sílẹ̀. Lọ pè é wá.”

Pípè yẹn gan-an ló le jù. Títí gbọ́ ọ tán, kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, “Nígbà tí mo dì mọ́ ẹ, kí lò ń rò?” Ó gba ọ́fíìsì Dókítà lọ.

Ìgbà òjò tí àìsàn kòkó máa ń le jù, tó yẹ kó fi ṣe ìwádìí rẹ̀, ti kọjá. Ọdún míì ló máa dúró dè. Bí a bá pàdé, ó máa ń kí mi, ṣùgbọ́n kò jókòó tì mí mọ́. Ọlọ́run dárí jì mí, mo mọ̀. Ó yọ mí kúrò nínú irọ́, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo pàdánù ọ̀rẹ́ mi, ó sì ń dùn mí gan-an.

Ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run, kì í ṣe èmi ni kí ẹ bá yọ̀. Èso tó wà ní láàbù kò mọ ọjọ́ ìsinmi, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, Títílayọ̀ ọmọ àgbẹ̀ Ìlú-Àbọ̀ wà níbẹ̀ nínú kóòtù rẹ̀. Ẹ dìde, kí ẹ fi ògo fún Ọlọ́run nítorí rẹ̀.