A Kò Ta Ilé Yìí O

Níbi tí mo ti ń jẹ ẹ̀wà ní ibùdókọ̀ Coconut, l'Ápápá, ni ìyá àgbà kan àti ejẹ́ńtì tó ń bá a ta ilé rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀ ti ń fa ọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pa ohun tí ẹ kọ sára ògiri yẹn rẹ́. Gbogbo ẹni tí mo bá mú wá ló ń kà á: 'A kò ta ilé yìí o. Ẹ ṣọ́ra fún gbájú-ẹ̀.' Wọ́n á kà á tán, wọ́n á wò mí, wọ́n á sá lọ."

"Tí mo bá pa á rẹ́, tí gbájú-ẹ̀ wá tà á kí ìwọ tó tà á ńkọ́?"

"Kí ni kí n wá sọ fún wọn?"

"Sọ pé àwọn olè ni mò ń bá wí."

"Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá kan lánàá. Ó ní, 'Ìwọ wá ńkọ́?'"

Ìyá náà fi ṣíbí sílẹ̀, ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ta tiẹ̀ ló mú ẹ wá bá mi?"