Eérú Tí Mo Ń Dà Lé Èèrà Lórí

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ̀rù ń bà mí, ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù kò ju èèrà lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti pa paramọ́lẹ̀ lóko rí, n kò sì sá. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ báyìí, kí ìyàwó mi tó mú ìgbálẹ̀ jáde, èmi arúgbó a ti yọ́ lọ sẹ́yìn ilé pẹ̀lú àpáàdì eérú lọ́wọ́, n ó da eérú bo ibi tí mo tọ̀ sí, nítorí èèrà ti bò ó bí ẹni pé oyin ni mo dà síbẹ̀. Mò ń mu omi bí ẹni tó jẹ iyọ̀ yó, mo sì ń tọ̀ ọ́ dànù. Ṣòkòtò tó ń há mi nídìí lọ́dún tó kọjá ti di ohun tí mò ń fi okùn so. N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún.

Mo mọ èèrà wọ̀nyí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi Bùráímọ̀, ọmọ ìyá mi, ni wọ́n kọ́kọ́ wá bá, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé Ẹdẹ. Ahunṣọ ni, ọkùnrin sígbọnlẹ̀ tí àwọn ọmọdé ń gùn bí ẹṣin. Nígbà tó yá, kò lè jókòó pẹ́ nídìí òfì mọ́. Bó bá mu omi tán, á dìde lọ tọ̀, bó bá tọ̀ tán, á tún wá omi. Ó jẹun bí alágbára, ó sì ń gbẹ bí igi. Ní agbo ilé wa, ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ni wọ́n ń tọ́jú aláìsàn. Ọwọ́ wọn tutù, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló yè lábẹ́ wọn, ẹnikẹ́ni kì í sì já wọn nírọ́. Wọ́n wo ẹ̀gbọ́n mi títí, wọ́n ní, “Ìkòkò tó ń jò, ta ní ń pọn omi sí i? Omi tó ń mu náà ni ìtọ̀ tó ń tọ̀. Ẹ gbé àmù kúrò lójú ẹ̀, ara á gbẹ, àìsàn á sì lọ.” Wọ́n rán Àsàbí, ìyàwó mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé wa nígbà náà, pé kó gbé àmù wọ yàrá inú lọ. Wọ́n sì ń fi oyin sí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu kó lè lágbára.

Ta ni yóò bi àgbà léèrè? Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi a di ọwọ́ mi mú, á ní, “Àbúrò, omi.” Ahọ́n rẹ̀ gbẹ bí awọ tí wọ́n sá sóòrùn, ojú rẹ̀ sì jìn sínú. Ìtọ̀ náà kò dá. Nígbà tó yá, èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá, òórùn dídùn. Inú gbogbo ilé dùn, wọ́n ní ẹnu aláìsàn kì í ta sánsán, ara ti ń bọ̀ sípò. Lẹ́yìn náà ó sùn. Ó ń mí kanlẹ̀, bí ẹni tó ń fa nǹkan wúwo látinú kànga. Àsàbí fi ẹsẹ̀ lé àwọn ọmọ jáde, ó ní, “Ẹ má pariwo, wọ́n ti rí oorun sùn.” Oorun náà ni ó gbé e lọ.

Nígbà tí èèrà dé ọ̀dọ̀ èmi náà, mo rìn lọ sí ilé oògùn kan ní apá ìlú Awo, níbi tí ọ̀dọ́bìnrin kan ti ń tọ́jú aláìsàn. Mo sọ fún un pé ọ̀rẹ́ mi kan ni nǹkan ń ṣe.

Ó ní, “Ẹ kú ìrìn, Bàbá. Ọ̀rẹ́ yín kò lè fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá?”

Mo ní, “Olóríkunkun ni.”

Ó ní, “Ṣé òun náà ń lá ètè bí ẹ ṣe ń lá a yìí?”

Ó gbé omi fún mi, ó dúró títí mo fi mu ún tán. Ó fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ mi sókè, ó fi í sílẹ̀ láti mọ̀ bí omi ti tán lára mi tó, ó ní awọ arúgbó a máa pẹ́ kó tó padà, pé ahọ́n àti ojú ni kí n máa wò. Ó ní àtọ̀gbẹ ni, kò sí oògùn tí yóò wò ó tán lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n kí ọ̀rẹ́ mi fi oyin àti ohun dídùn sílẹ̀. “Omi kọ́ ló ń fa ìtọ̀, Bàbá. Ìtọ̀ ló ń fa omi kúrò lára. Ẹni tó bá gba omi lọ́wọ́ ẹ̀ ti pa á. Bí èémí ẹ̀ bá ń rùn bí èso, tó bá ń mí kanlẹ̀, tó ń sùn tí ẹ kò lè jí i, ìyẹn kì í ṣe ìsinmi. Ẹ gbé e wá kíákíá.”

Ṣé ẹ rí ibi tí mo há sí? Bí mo bá sọ fún Àsàbí, yóò gbé àmù kúrò, nítorí bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Àgbà kọ́ ọ, ó sì fẹ́ kí n yè. Bí n kò bá sọ fún un, ọjọ́ tí mo bá sùn oorun ẹ̀gbọ́n mi, òun náà ni yóò lé àwọn ọmọ jáde pé kí wọ́n má jí mi. Oṣù ààwẹ̀ sì ń bọ̀. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé n kò fi ààwẹ̀ kan sílẹ̀ rí, bí wọ́n bá sì rí ahá omi lẹ́nu mi lọ́sàn-án, ohun tí mò ń fi eérú bò yóò yọjú. Mo ti hu ewú kí n tó fi agídí kọ́ ìwé kíkà, wọ́n sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ìwé náà ni mo wá sá sí yìí. Ó rọrùn fún mi láti kọ ọ́ ju kí n sọ ọ́ lójú ìyàwó mi lọ.

Lónìí, mo gbé eérú mi dé ẹ̀yìn ilé, mo bá eérú tuntun níbẹ̀. Ẹlòmíràn ti dà á ṣáájú mi. Mo yára padà wọlé, mo wo ìdí ògiri tí àmù máa ń wà. Àmì rẹ̀ ṣì tutù nílẹ̀, àmù kò sí níbẹ̀.

Àsàbí ti lọ sóko, yóò dé láìpẹ́. Odò Ọ̀ṣun kò jìnnà, ẹsẹ̀ mi ṣì lè gbé mi dé ibẹ̀ lọ mu omi. Ọjọ́ tí kò bá gbé mi mọ́ ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn nílé, ẹ má ṣe gba omi lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ̀ ṣáá, ẹ má sì jẹ́ kí oorun ẹni tí èémí rẹ̀ ń rùn bí èso tàn yín jẹ. Ṣùgbọ́n kí ni kí èmi sọ fún obìnrin yìí bó bá wọlé? Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wá sí mi lẹ́nu, “Fún mi lómi” ni. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹ̀gbọ́n mi wí.