Ilé Tí Mo Ti Bọ́ Lọ́wọ́ Ọtí ní Òde-Omi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ń dùn mí jù fún yín. Àpá iná kan wà lára ọmọbìnrin mi, láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Èmi ni mo fi sí i. Mo mutí yó lọ́jọ́ náà, mo ṣubú lu ìkòkò epo tó ń hó lórí ààrò, ọmọ náà sì wà nítòsí. Ta ni kí n dá lẹ́bi, bí kò ṣe ara mi?

Ojowo ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni ilé ọkọ mi, epo pupa ni mo sì ń ṣe. Lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó fi ogun ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú, ọtí inú ìgò onígun mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀lú lọ́pọ̀lọpọ̀, èmi náà sì ń tà á mọ́ epo. N kì í tọ́ ọ wò nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ẹ́gbóná pa ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, oorun dá lójú mi. Obìnrin kan ládùúgbò ní kí n mu díẹ̀ nínú ọjà mi, pé n ó sùn. Mo mu ún, mo sùn lóòótọ́. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, kí n tó bọ́jú láàárọ̀ ni mo ti ń wá ìgò.

Ọtí nìkan kọ́ o. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn ọmọ mi tó kú. Á máa pè mí láti inú ìkòkò epo pé òùngbẹ ń gbẹ òun, èmi á sì máa bu omi sínú epo. Àwọn kan ní orí mi ti dàrú, àwọn kan ní ìmukúmu lásán ni. Lẹ́yìn tí mo fi iná jó ọmọbìnrin mi, wọ́n dè mí mọ́ òpó ní ẹ̀yìnkùlé, ọkọ mi sì ní òun kò fẹ́ rí mi sójú mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó wà nílé ọkọ ní Atikori nínú ìlú wa kan náà, ló wá tú okùn náà. Ó gba ọmọbìnrin mi sọ́dọ̀, ó sì mú mi lọ bá ìyá arúgbó kan ní Òde-Omi, létí ọ̀sà, tó máa ń gba irú wa sílé títí ara wa á fi yá. A rìn, a wọ ọkọ̀ ojú omi, mo sì ń bú ẹ̀gbọ́n mi ní gbogbo ọ̀nà.

Kí ìyá náà tó fọwọ́ kan ewé oògùn kankan ló ti bi mí ní orúkọ ọmọ mi tó kú. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀ sí mi létí. Mo dá a lóhùn, mo sì sunkún. Ó wá sọ fún mi pé, “Àìsàn méjì ló wà lára rẹ. Ọtí ni ọ̀kan, ìbànújẹ́ tó da orí rẹ rú ni èkejì. Bí mo bá wo ọ̀kan tí mo fi èkejì sílẹ̀, n kò tíì ṣe nǹkan kan.”

Ọjọ́ àkọ́kọ́ le púpọ̀. Mo ń rí ìjàlọ lára ògiri níbi tí kò sí nǹkan kan. Mo bẹ̀ ẹ́ fún ọtí, mo tún bù ú jẹ. Ó fún mi ní àgbo egbò igi asofẹ́yẹjẹ tó ń mú ara rọlẹ̀, mo sì sùn fún odidi ọjọ́ méjì. Àwa mẹ́fà la wà nílé náà. Láràárọ̀ a ó wẹ̀ nínú ọ̀sà, a ó hun ẹní, lọ́sàn-án ìyá á pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan láti sọ ohun tó wà níkùn wa. Nínú oṣù kejì mo sá lọ sí èbúté, mo bá àwọn awakọ̀ mutí. Nígbà tí mo ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ dé, mo ti ń retí okùn. Oúnjẹ ni ìyá gbé ka iwájú mi. Ó ní, “Jẹun. Ọ̀la la ó tún bẹ̀rẹ̀.” Láti ọjọ́ náà ni n kò ti fẹnu kan ọtí. Ohùn ọmọ mi sì ń rẹlẹ̀, títí mo fi ṣàkíyèsí lọ́jọ́ kan pé n kò tíì gbọ́ ọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Mo lo òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan níbẹ̀ kí n tó padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Atikori. Lọ́jọ́ tí mo dé, wọ́n ń sọ ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lórúkọ, ife ọtí ń lọ káàkiri, ó sì dé ọ̀dọ̀ mi. Gbogbo ilé ń wò mí. Mo gbé e fún ẹni tó tẹ̀ lé mi. Mo ní, “Èmi ti mu tèmi tán.” Ọmọbìnrin mi, tó ti ń fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi láti àárọ̀, rọra wá jókòó lé mi lẹ́sẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ bí inú mi ti dùn tó? Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọkọ mi fúnra rẹ̀ wá bẹ̀ mí kí n padà sílé. Mo padà, mo ní epo nìkan ni n ó máa tà, ó sì gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú mi nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dè é mọ́ òpó. Ẹ wá ẹni tí yóò gbà á sọ́dọ̀, tí yóò tọ́jú ara rẹ̀ àti ọkàn rẹ̀ pọ̀. Bó bá sì tún ṣubú níbi tó ti ń gba ìtọ́jú, ẹ má sọ pé ó ti parí fún un. Èmi ṣubú, mo sì dìde. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti wà lórí ìdúró.