Oyin Tí Kò Lábùlà

Kí n má bínú kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ara yín? Àbúrò yín fi oyin sí ọmọ oṣù mẹ́rin lẹ́nu, ọjọ́ mẹ́rìndínlógójì la ti wà ní ọsibítù yìí, ẹ wá ní kí n má bínú!

Ṣebí mo sọ fún un. Oyún ṣì wà nínú mi tí mo ti ń sọ ọ́ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kì í jẹ oyin. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyàwó mi, má sọ ilé di kíláàsì." Gbogbo ayé ń pè mí ní olùkọ́, àfi ẹni tá a jọ ń jẹun!

Ọmọ ò yàgbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, àbúrò yín ní oyin ń ṣiṣẹ́ lára ni. Igbe ọmọ rẹlẹ̀ bíi ti ọmọ ológbò, ìpéǹpéjú ń wálẹ̀, ọrùn ò dúró, kò lè fa ọmú mọ́, bàbá ọmọ ní, "Ẹ wo ọmọ onísùúrù!" Onísùúrù, ọmọ tí kò lágbára àtisunkún!

Kí lẹ wí? Oyin tiẹ̀ ò lábùlà? Háà! Ohun tó sọ fún dókítà náà nìyẹn, ó tún gbé ìgò méjì wá kí wọ́n tọ́ ọ wò. Dókítà tọ́ ọ wò o, ó ní ó dùn, ó sì padà sídìí ọmọ wa tí ẹ̀rọ ń bá mí èémí.

Ẹ jókòó, kò le. Bọ́túlísíìmù lorúkọ àìsàn náà. Kòkòrò àrùn rẹ̀ dà bí irúgbìn tó ń sùn nínú erùpẹ̀. Tí kòkòrò oyin bá ń ti òdòdó bọ̀, ó lè gbé e wálé. Ṣé oyin máa ń fọ ẹsẹ̀ kó tó wọlé ni? Tí èmi àti ẹ̀yin bá lá oyin náà, ìfun wa ti gbó, kò ríbi hù. Ìfun ọmọ jòjòló ńkọ́? Ilẹ̀ tuntun ni. Ibẹ̀ ló ti ń hù, tó ń tu oró tó ń sọ iṣan di ahẹrẹpẹ. Ó yá, ẹ sọ ọ́ padà fún mi. Ẹ má bínú, iṣẹ́ ló mọ́ mi lára.

Ẹ ṣeun. Ẹ rí i bó ṣe tètè yé yín?

Wọ́n ti yọ ẹ̀rọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, a dúpẹ́. Ọjọ́ Ẹtì la ń lọlé. Àmọ́ ẹ bá mi jíṣẹ́ fún àbúrò yín. Igba ìgò oyin ló wà ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tà á, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́ sára wọn pé, "Ó dára fún tọmọdé tàgbà." Ọmọ tiwa rí dókítà. Tọmọ ẹlòmíràn ńkọ́? Kó pa "tọmọdé" rẹ́ lára gbogbo wọn, kó kọ ọ́ gàdàgbà pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Bí mo bá rí ìgò kan ṣoṣo tó kù, mo búra, ilé yín lèmi àti ọmọ ń bọ̀, ẹ̀yin ni màá sì máa kọ́ láàárọ̀ lálẹ́!