Ohun Tí Mo Ṣe fún Agbẹ̀bí

Ẹ má wulẹ̀ yìn mí mọ́. Ẹ jókòó yí bẹ́ẹ̀dì mi ká, ẹ ń pè mí ní tíṣà tí kì í fi akẹ́kọ̀ọ́ kankan sílẹ̀, ojú sì ń tì mí lábẹ́ aṣọ. Kí ẹ̀mí yìí tó bọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe fún Agbẹ̀bí.

Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Àgbà obìnrin ni, ó ti gbẹ̀bí títí nílùú rẹ̀ kó tó wá síbí, àmọ́ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní àfi kó kọ́kọ́ kọ àròkọ ní Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọ̀mọ̀wé káwọn tó gbà á wọlé. Kíláàsì mi ló wá, torí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì ò tíì yọ̀ mọ́ lẹ́nu ni mò ń kọ́. Ìlà díẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ: ẹ̀rù máa ń ba aboyún, ẹ̀rù yẹn ni kéèyàn kọ́kọ́ tọ́jú. Ọ̀rọ̀ gidi! Ó yẹ kí n jókòó tì í, kí n bi í bó ṣe mọ̀, kó fúnra rẹ̀ máa fi gbólóhùn kan lé òmíràn. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ń gba sùúrù, èmi sì fẹ́ kí gbogbo kíláàsì mi yege kí orúkọ mi lè ròkè. Mo bá gba bírò, mo bá a fọ̀ ọ́, bí a ṣe máa ń pè é nígbà yẹn: mo fi Gẹ̀ẹ́sì tèmi tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ọ̀rọ̀ ńláńlá ló kún ibẹ̀ nígbà tí mo fọ̀ ọ́ tán.

Ó wò ó títí. Ó ní, "Tíṣà, ó mà dára o. Èwo wá ni tèmi níbẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ há a sórí, jàre. Tẹ́ ẹ bá ti wọlé, ta ló tún máa bi yín?"

Wọ́n bi í. Kò tíì pẹ́ tó wọlé tí olùkọ́ kan fi ní kó ṣàlàyé àròkọ ọ̀hún lójúkojú. Ohun tó há sórí ló ń kà ṣáá. Wọ́n ní ó jí iṣẹ́ oníṣẹ́, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, báàgì rẹ̀ wà lórí itan. Bó ṣe rí mi, ara tù ú. Ìyẹn ló ń pa mí jù. Ọ̀gá wọn ní, "Ṣé ẹ fọwọ́ kan iṣẹ́ yìí?" Èmi ìkà, mo wojú ọkùnrin náà, mo ní, "Rárá o. Mi ò mọ ibi tó ti rí i."

Kò bá mi jà. Gẹ̀ẹ́sì tó máa fi jà ni kò ní, èmi ló sì yẹ kí n ti kọ́ ọ. Wọ́n lé e. Ilẹ̀ ló ń nù ní ọsibítù títí dòní, níwájú yàrá tí àwọn aboyún ti ń ké.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ni, tí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú Gẹ̀ẹ́sì kékeré wá fún yín, ẹ jọ fi sùúrù tọ́ ọ dàgbà. Ẹ má gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mi ò bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣẹ̀. Ẹ bá mi pe ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì yẹn lórí fóònù kí ohùn mi tó lọ. Ṣùgbọ́n Agbẹ̀bí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè, kó máa gbọ́ bí mo ṣe ń sọ fún wọn pé irọ́ ni mo pa mọ́ ọn.